Olú Tí A Rò Pé Ó Jẹ́ Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àlejò wa ní Bódìjà, Ìbàdàn

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí yín pé ọ̀rọ̀ olú ni a ó gbọ́ ní ìpàdé yìí, a gbọ́ pé àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bóyá ọbẹ̀ ni ẹgbẹ́ fẹ́ kọ́ àwọn ní sísè. A kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbé wá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ìdílé, àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀. A kò sì mọ ìjòyè kan ní Ìbàdàn tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò kàn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ojú wa rí. Ní ọdún kan tí kò tíì pẹ́, lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ yìí ń gba pápá kan kọjá ní ẹ̀yìn Agbowó, níbi tí àwọn ọmọdé máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Nínú koríko ni a ti rí ohun funfun kan. Ó rí roboto, ó tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà, kò dé fìlà, kò sì ní ẹsẹ̀ gígùn bí olú tí gbogbo wa mọ̀. Ọmọdé kan kìlọ̀ fún wa pé ẹyin ejò ni, kí a má fọwọ́ kàn án. Ọmọ kejì kò dúró gbọ́ ìkìlọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ gbá èyí tí ó ti gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, eruku sì tú jáde bí èéfín ìbọn ṣakabùlà, ó bo aṣọ funfun tí a wọ̀. Nígbà tí a wo eruku náà dáadáa, àwọ̀ elésè àlùkò ni ó ní.

Ọ̀kan nínú wa tí ó jẹ́ olùkọ́ figbe ta pé irú olú báyìí kò sí nínú ìwé kankan tí òun kà, pé ẹ̀yà tuntun ni. Kí a tó dé òpópónà, a ti ń jiyàn lórí orúkọ tí a ó sọ ọ́. Ọ̀kan ní kí a fi orúkọ Ìbàdàn pè é, ọ̀kan ní kí a fi orúkọ ẹgbẹ́ pè é, ẹnì kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín sì ní orúkọ tirẹ̀ ni ó yẹ ẹ́ jù. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, a ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn.

Ìyá àgbà kan tí ń ta ewé àti egbò ní ọjà Bódìjà ni ó kọ́kọ́ gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ wa, bí a bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a gbé olú náà síwájú rẹ̀, a bi í bóyá ó ti rí irú rẹ̀ rí. Ó wò wá láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, níbo ni wọ́n ti tọ́ yín dàgbà? Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀lé ìyá mi lọ sí oko ni mo ti ń tẹ irú èyí fọ́ lójú ọ̀nà.” A bèèrè bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́. Ó ní ní ilé tiwọn, wọn kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ wúlò fún ìṣègùn. A ní kí ó ṣàlàyé ìṣègùn náà. Ó yí ojú sí oníbàárà mìíràn.

Ẹni kejì tí ó dójú tì wá jẹ́ ọkùnrin kan tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa olú. Ó gé e ní àárín, ó fi ìka pa eruku inú èyí tí ó gbẹ, ó wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù, awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì ṣí ìwé. Ó ní gbogbo àmì tí òun rí ni ó bá ti olú kan mu tí wọ́n ń pè ní *Calvatia cyathiformis*, àti pé Bosc, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti sọ ọ́ lórúkọ láti 1811. Ó ju 200 ọdún lọ ṣáájú kí àwa tó rí i ní Agbowó. Ìtumọ̀ *cyathiformis* ni pé ó rí bí ife. Nítorí pé nígbà tí awọ òkè bá fọ́ tí eruku sì fò lọ tán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó máa ń ṣẹ́kù sílẹ̀, tí yóò dá wà nínú koríko bí ife tí ẹnìkan gbàgbé.

Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé ohun tí a pè ní tuntun kò jẹ́ tuntun fún ẹni tí ń lọ sí oko, kò sì jẹ́ tuntun fún ẹni tí ń ka ìwé. Àwa tí a wà ní àárín àwọn méjèèjì nìkan ni ó jẹ́ tuntun fún. A bẹ̀ yín kí ẹ ṣe sùúrù fún wa, nítorí ìtàn náà kò parí síbẹ̀, yóò sì tún yí padà kí a tó dé òpin.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí a ó máa pe irú olú bẹ́ẹ̀ ní olú eléruku. Orúkọ tí àwa fún ra wa ṣe ni, bí ẹnikẹ́ni bá mọ èyí tí àwọn baba rẹ̀ ń lò, kí ó dìde sọ ọ́ nígbà tí a bá parí, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Olú tí à ń jẹ ní ọbẹ̀ máa ń to irúgbìn rẹ̀ sí abẹ́ fìlà rẹ̀, níbi tí ó rí bí ojú ewé ìwé tí a tò sí ara wọn, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé e lọ bí ó ti ń já bọ́. Olú eléruku kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ni ó ń pa irúgbìn tirẹ̀ mọ́ sí. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, inú rẹ̀ funfun, ó sì rọ̀ bí wàràkàṣì. Bí ọjọ́ ti ń lọ, inú náà a yí àwọ̀ padà, a di omi díẹ̀, lẹ́yìn náà a gbẹ, a sì di eruku. Àwọn kan nínú ìdílé yìí ní ihò kékeré ní àtàrí. Bí ẹ̀kán òjò bá kán lu ara wọn, eruku a jáde pùù láti inú ihò náà, gẹ́gẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ti ń fẹ́ atẹ́gùn. Àwọn mìíràn, bí èyí tí a rí, kò ní ihò. Awọ wọn ni ó máa ń sán tí ó sì ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ní 1909 ni Buller, ẹni tí ó lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lórí ìmọ̀ olú, ṣírò irúgbìn tí ó wà nínú olú eléruku ńlá kan ṣoṣo, ó sì rí i pé ó tó 7,000,000,000,000. Bí gbogbo wọn bá hù, kò ní sí ibi tí a ó tẹ ẹsẹ̀ sí láti Dùgbẹ̀ dé Challenge. Ọ̀pọ̀ jù lọ ni kì í hù rárá. Ibi tí wọ́n bọ́ sí ni kò gbà wọ́n.

Nípa orúkọ tí àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ fún ìdílé olú eléruku, ẹ dákun, ẹ̀yin àgbà, kí ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí. Wọ́n pè é ní *Lycoperdon*, orúkọ tí Linnaeus lò nínú ìwé rẹ̀ ti 1753, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì jẹ́ ìsó ìkookò. Àwọn tí wọ́n ń sọ fún wa pé àwọn baba wa kò mọ bí a ti ń sọ nǹkan lórúkọ, irú orúkọ yìí ni wọ́n fi pilẹ̀ ìmọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi ti àwa wé e. Olú kan wà tí ń hù nínú igbó, tí ó ń rùn bí òkú ẹran, tí àwọn eṣinṣin a sì máa bò ó. Àwọn baba wa pè é ní àkúfọ́dẹwá: ohun tí ó kú fún ọdẹ láti wá. Ọdẹ a gbọ́ òórùn náà, a rò pé ẹran tí òun yìn níbọn lánàá ni ó kú sí itòsí, a sì máa wá a kiri. Orúkọ kan ṣoṣo yìí sọ òórùn rẹ̀, ó sọ ibi tí ó ń hù, ó sì sọ ìtàn ẹni tí ó tàn jẹ. Òyìnbó tí ó sọ irú kan nínú wọn lórúkọ ní 1798 wo aṣọ àwọ̀n tí ó gbé kọ́rùn nìkan, ó pè é ní *Phallus indusiatus*. Ìdajì àkọ́kọ́ orúkọ náà, a kò ní túmọ̀ rẹ̀ níwájú àwọn ìyá wa.

Ó ní ìdí tí a fi mú àkúfọ́dẹwá wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè fi kó gbogbo olú tí ń pa irúgbìn mọ́ inú jọ sí agbo ilé kan, tí wọ́n pè ní *Gasteromycetes*, èyí nì ni olú oníkùn. Olú eléruku wà níbẹ̀. *Scleroderma*, èyí tí awọ rẹ̀ le tí inú rẹ̀ sì ń tètè dúdú, wà níbẹ̀. Àkúfọ́dẹwá náà wà níbẹ̀, nítorí pé inú ohun tí ó rí bí ẹyin ni ó ti ń jáde. Ní 1964 ni D. M. Dring kọ ìwé lórí àwọn olú oníkùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ olú ti Commonwealth tí ó wà ní Kew nígbà náà tẹ̀ jáde. Ìwé náà kò nípọn, ojú ewé rẹ̀ kò ju 60 lọ. Síbẹ̀ òun ni ìpìlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tí ó bá rí olú eléruku ní ilẹ̀ wa ṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n agbo ilé náà ti tú ká. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí ka DNA, èyí tí í ṣe àmì ìran tí ó wà nínú ara gbogbo ohun abẹ̀mí, wọ́n rí i pé àwọn olú oníkùn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà rárá. Ẹ̀yin tí ẹ kọ ilà lójú nínú ilé yìí yóò tètè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Nígbà ogun, ẹni tí a kó wá láti ìlú mìíràn lè gba ilà ilé tí ó bọ́ sí. Lẹ́yìn 50 ọdún, àlejò tí ó bá wo àbàjà ojú ọmọ rẹ̀ yóò ní ọmọ ilé náà ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò papọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àwọn olú yìí. Olú eléruku jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́ fún olú alágolo tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà Dùgbẹ̀, tí ó dé fìlà tí ó sì ní ẹsẹ̀. *Scleroderma* jẹ́ ìbátan fún àwọn olú tí abẹ́ fìlà wọn kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí kànìnkànìn. Àkúfọ́dẹwá ní ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ilà kan náà ni gbogbo wọn kọ, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Níhìn-ín ni ìtàn wa ti tún yí padà. Nígbà tí ọkùnrin ọ̀mọ̀wé náà ti rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì dé bá wa, ó bi wá ní ìbéèrè kan: olú tí Bosc rí, níbo ni ó ti rí i? A kò mọ̀. Ó ní ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àríwá ni; ìwé tí Bosc kọ ní 1811, lórí olú apá ibẹ̀ ni ó kọ ọ́. Orúkọ tí wọ́n fún ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé kọ́ ọrùn ti Agbowó, nítorí pé ojú wọn jọra. Àwọn olú mìíràn ti wà tí a rò pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Áfíríkà, títí a fi ka DNA wọn tí a sì rí i pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní 2012 àwọn onímọ̀ olú fẹnu kò lórí apá kan nínú DNA, tí wọ́n ń pè ní ITS, pé òun ni kí gbogbo ayé kọ́kọ́ máa fi dá ẹ̀yà olú mọ̀ yàtọ̀. Ó ní bí a bá mú díẹ̀ nínú olú Agbowó náà wá, tí a kà á tí a sì fi í wé ti Amẹ́ríkà, ìgbà náà ni a tó lè mọ̀ bóyá ọ̀kan náà ni wọ́n tàbí a ń fi orúkọ ẹlòmíràn pe ọmọ wa láti ìgbà yí wá.

A sáré lọ sí ilé láti mú un wá. A ti dì í sínú àpò ọ̀rá, a so ẹnu rẹ̀ pinpin, a sì gbé e sí orí àga nítorí kí ó má baà sọnù. Ó ti jẹrà. Omi dúdú ni a bá, ìdin sì wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó gbẹ, tí ìbá ṣeé lò, ọmọ ọ̀dọ̀ ti gbá a dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí nítorí ó rò pé eruku lásán ni. Kò sì jẹ̀bi, eruku ni.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju ti ìyá ọlọ́jà lọ. A fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ mọ bí a ti ń sọ olú lórúkọ. Ó jọ oyè jíjẹ ní Ìbàdàn: ipò wà, àkókò wà, ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì, ti ìdílé ṣáájú, ti ara rẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tẹ orúkọ jáde bí òfin ti wí ni tirẹ̀ yóò dúró, ìbáà jẹ́ pé ti ẹlòmíràn dára jù ú lọ. Ìdí nìyí tí *cyathiforme* ti Bosc fi wà títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé *Lycoperdon* ni ó fi í sí, tí Morgan sì gbé e lọ sí ìdílé *Calvatia* ní 1890. Lẹ́yìn orúkọ, ó gbọ́dọ̀ ní oríkì. Oríkì tiwọn ni àlàyé tí ó sọ gbogbo àmì rẹ̀ àti ohun tí ó fi yàtọ̀ sí àwọn ará ilé rẹ̀. Láti 1935 títí di òpin 2011, èdè Látìnì nìkan ni òfin gbà fún oríkì náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2012 ni ó ti gba èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Láti 2013, orúkọ olú tuntun gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, kí ó sì gba nọ́ńbà, kí ó tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ẹ̀rí: olú kan pàtó tí a gbẹ, tí a kọ ọjọ́ àti ibi tí a ti rí i sí lára, tí a sì fi pamọ́ sí ilé ìkójọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé mọ̀, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá jiyàn lẹ́yìn 100 ọdún lè lọ wò ó. Láìsí ẹ̀rí náà, kò sí orúkọ. Àwa ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́, a sì jẹ́ kí ó jẹrà nínú àpò ọ̀rá.

A padà lọ sí pápá náà nígbà tí òjò ọ̀wààrà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ìpìlẹ̀ ilé ni a bá níbẹ̀, pẹ̀lú òkìtì yanrìn àti bíríkì. A kò bá onílé jà. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kọ́lé sí i, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó síhìn-ín sì ń gbé inú ilé tí a kọ́ sórí oko ẹlòmíràn. Bódìjà tí a wà yìí, igbó àti oko ni kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé sí i ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ohun tí à ń sọ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ka ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó da sìmẹ́ǹtì lé e. Ní 2017, Hawksworth àti Lücking ṣírò pé ẹ̀yà olú àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní gbogbo ayé tó mílíọ̀nù 2.2 sí mílíọ̀nù 3.8, èyí tí a sì ti sọ lórúkọ nígbà náà kò ju nǹkan bí 120,000 lọ. Ẹ ṣírò ohun tí ó kù. Ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí tó tiwa, tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, kò lè ṣàìní ìpín tirẹ̀ nínú àwọn tí kò tíì ní orúkọ.

Ibi tí a ti lè wá wọn ṣì wà nínú ìlú yìí, bí ó tilẹ̀ ń dínkù. Ọgbà ewéko wà nínú Yunifásítì, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Agbowó. Igbó bí hẹ́kítà 350 wà lábẹ́ àbójútó IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1967. Ní Jericho, lókè Dùgbẹ̀, ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ wà, pẹ̀lú ilé ìkójọ ewé àti igi gbígbẹ tí gbogbo ayé mọ̀ sí FHI. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rò pé àwa ni a ó kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí. B. A. Oso kọ̀wé ní 1975 lórí olú àti àwọn ènìyàn Yorùbá, ó sì tún kọ òmíràn ní 1977 lórí ipò olú nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu àti ìṣègùn wa. Olú eléruku wà nínú àwọn tí ó ní àwọn oníṣègùn wa ń lò. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni orúkọ bí àkúfọ́dẹwá, olú ọ̀rán àti ohu ti dé etígbọ̀ọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè. Nípa olú ọ̀rán, ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: àwọn ìyá wa mọ̀ tipẹ́ pé ibi tí ikán bá wà ni kí a ti wá a, ní 1942 ni Heim ti ilẹ̀ Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìdílé kan sílẹ̀ fún irú wọn, tí ó pè ní *Termitomyces*, olú ikán. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ aládùúgbò wa náà kò sùn. Ní 2002 ni De Kesel, Codjia àti Yorou tẹ ìwé jáde lórí olú jíjẹ ilẹ̀ náà, tí orúkọ tí àwọn ará ìlú ń pè wọ́n sì wà nínú rẹ̀.

Òfin kò kọ̀ pé kí orúkọ ẹ̀yà tuntun ti inú èdè Yorùbá wá. Ó kàn ní kí a wọ̀ ọ́ ní aṣọ Látìnì ni. Ẹ rántí igi ìrẹ́, tí àwọn baba wa gbẹ oje rẹ̀ fún rọ́bà ní òpin ọ̀rúndún 19, títí ọ̀pọ̀ igi náà fi kú nínú igbó Ìbàdàn. Orúkọ tí igi náà ń jẹ́ nínú ìwé gbogbo ayé ni *Funtumia*, láti inú ọ̀rọ̀ Akan, funtum. Àwọn Akan ni ẹnìkan bi léèrè. Àwa pẹ̀lú ní orúkọ fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé lásìkò.

Nítorí náà a ti bẹ̀rẹ̀, a sì ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ sí i. Bí ẹ bá rí olú eléruku, ẹ wò ó níbi tí ó wà kí ẹ tó fà á tu: ṣé inú koríko ni, àbí ara igi tí ó ti kú, àbí ìdí ọ̀gán? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun kalẹ̀ láìní àmì kankan, olú eléruku tí kò tíì gbó ni. Bí ẹ bá rí àwòrán olú kékeré nínú rẹ̀, fìlà àti ẹsẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù, kí ẹ sì fọ ọwọ́. Ọmọ *Amanita* lè wà nínú irú ẹyin bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú ìdílé náà sì ń pa ènìyàn. Bí inú rẹ̀ bá le tí ó sì dúdú nígbà tí ìta rẹ̀ ṣì tutù, *Scleroderma* ni, kì í ṣe jíjẹ. Lóòótọ́, a kò rán ẹnikẹ́ni pé kí ó jẹ èyíkéyìí nínú wọn nítorí ọ̀rọ̀ wa. Ọbẹ̀ kọ́ ni a wá kọ́ yín.

Ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sínú oòrùn tàbí lẹ́bàá iná tí kò gbóná jù títí yóò fi gbẹ, kí ẹ sì fi wọ́n sínú àpò bébà. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò, ọjọ́, àti àwọ̀ eruku rẹ̀ sí i. Bí ẹ bá bi àgbà kan léèrè orúkọ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ náà bí ó ti pè é gan-an, kí ẹ má ṣe tún un ṣe, kí ẹ sì kọ ìlú tí àgbà náà ti wá, nítorí orúkọ tí wọ́n ń lò ní Ìbàdàn lè yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀bú tàbí ti Èkìtì. Ohun tí àgbà náà kò bá fẹ́ sọ nípa ìṣègùn, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Sí ẹ̀yin Ìjòyè wa ni ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo lọ. Ilẹ̀ ẹbí ń bẹ lọ́wọ́ yín ní ẹ̀gbẹ́ Ring Road àti ní ẹ̀yìn Challenge, tí a kò tíì kọ́ ilé sí. Kí ẹ tó tà á, tàbí kí ẹni tí ó rà á tó bẹ̀rẹ̀ sí wú u, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọ ibẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ méjì péré ní àsìkò òjò. A kò ní gbin nǹkan kan síbẹ̀, a kò sì ní pe ilẹ̀ náà ní tiwa. Bí ẹ̀yà tuntun bá jáde láti ibẹ̀, orúkọ ilẹ̀ yín ni yóò wà lára ẹ̀rí àkọ́kọ́ rẹ̀ títí láé.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá tún ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó pàdé ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì ní ìdojúkọ Agbowó, ní agogo 6 òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó bá tẹ̀lé e. Kí olúkúlùkù mú ọ̀bẹ kékeré, pẹ́ńsùlù, àti àpò bébà wá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mú àpò ọ̀rá wá, ẹ̀yìn ni yóò máa tọ̀.